Bí Mo Ṣe Mọ Párísì láti Ìdí Obì ní Ifọ̀

Ẹ gbé fóònù yẹn sún mọ́ mi kí n rí i dáadáa. Ojú mi kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, ṣùgbọ́n mo rí ẹ̀gbọ́n yín tó dúró síwájú ilé gíga, tó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ ní Sátidé tó kọjá ó wà ní Brọ́sẹ́ẹ̀lì, Sátidé yìí ó ti dé Párísì, tí Sọ́ńdè bá sì di ìrọ̀lẹ́, yóò padà sí ilé ìwé rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ wá ń bi mí bóyá mo mọ ibi tí wọ́n ń pè ní Párísì. Ẹ rò pé n ó ya ẹnu ni. Mo mọ̀ ọ́n. Mo mọ ilé onírin gíga yẹn, mo mọ odò tó gba àárín ìlú náà kọjá, mo mọ Amsitadámù tó jẹ́ pé omi ni títì wọn. Mo mọ gbogbo wọn kí n tó bí ìyá yín. Ìdí obì ni mo jókòó sí ní Ifọ̀ tí mo fi mọ̀ wọ́n.

Àwọn àgbà ní àìrìn jìnnà ni kì í jẹ́ ká rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Èmi kò rìn jìnnà. Mowé sí Ifọ̀, Ifọ̀ sí Mowé, ìrìn àjò ayé mi kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n abuké ọ̀kẹ́rẹ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló máa ń wá báni nílé.

Mowé tí ẹ mọ̀ yìí, tí ọkọ̀ kì í dákẹ́ ní títì rẹ̀, tí àwọn onígbàgbọ́ ń rọ́ gba ibẹ̀ kọjá lọ sí àgọ́ àdúrà, igbó ni nígbà náà. Láàárín wa àti Ìbàfò, ọ̀nà ẹsẹ̀ tóóró kan ló wà. Ìrì á rin yín dé orúnkún kí ẹ tó dé ilé ìwé. Bí ẹ bá pàdé ènìyàn mẹ́ta lójú ọ̀nà náà, ẹ mọ̀ pé ọjọ́ ọjà ni. Mo kàwé dé kíláàsì kẹta, bàbá mi ní ó tó, ó ní obìnrin kì í fi ìwé se ọbẹ̀. N kò bá a jiyàn. Ìtìjú mi pọ̀ nígbà náà. Bí tíṣà bá pè mí, màá dìde, màá mọ ìdáhùn, ẹnu mi kò ní í ṣí. Wọ́n á ní òpè ni mí, màá jókòó.

Mo tó ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún nígbà tí àwọn ará Ifọ̀ kan wá tọrọ mi fún ọmọ wọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Mùfútáù lórúkọ rẹ̀, Múfù ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Iṣẹ́ wọnlẹ̀-wọnlẹ̀ ló lọ kọ́. Ìyá rẹ̀ ń bẹ̀rù kí obìnrin òyìnbó má gba ọmọ mọ́ òun lọ́wọ́, ó sì fẹ́ fi ìyàwó ilé so ó mọ́lẹ̀. Ohun méjì ló fẹ́ràn lára mi: mo mọ̀wé kà, n kò sì lẹ́nu.

Ní ìgbà náà, bí ọkọ ìyàwó kò bá sí nílé, àwòrán rẹ̀ ni wọn yóò gbé sórí àga. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àlùfáà so yìgì wa, arákùnrin bàbá rẹ̀ gbà á fún un, wọ́n sì gbé fọ́tò rẹ̀ nínú férémù tì mí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn ìyàwó ilé fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọ̀kan ní, "Ìyàwó, rọra sún o, kí o má jókòó lé ọkọ ẹ lórí." Òmíràn ní ọkọ tèmi ló dára jù nínú agbo ilé, nítorí kò ní í béèrè oúnjẹ, kò sì ní í na ẹnikẹ́ni. Mo dorí kodò. Ìlérí tí wọ́n ṣe fún bàbá mi ni pé kí ọdún méjì tó pé, Múfù yóò ránṣẹ́ pè mí, wọn yóò sì fi ọkọ̀ ojú omi gbé mi lọ bá a. Ìlérí yẹn ni mo rù lọ sí Ifọ̀. N kò ní ẹrù mìíràn tó wúwo tó o.

A kúrò ní Mowé ní ìdájí, oòrùn ti rọ̀ kí a tó dé. Ohun tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ni fèrè rélùwéè. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ nǹkan kan ju ariwo mọ́tò lọ, ẹ kò lè mọ bí fèrè yẹn ṣe máa ń wọ ènìyàn lára. Ilẹ̀ á kọ́kọ́ máa mì díẹ̀díẹ̀, omi inú ìkòkò á máa gbọ̀n, kí ẹ tó gbọ́ ọ. Gbogbo Ifọ̀ ló ń fi í mọ àkókò. Ìyàwó kan wà ní ìtòsí wa tí kì í gbé ọbẹ̀ kaná àfi tí rélùwéè òwúrọ̀ bá ti kọjá, ọjọ́ tí rélùwéè bá pẹ́, ebi á pa ọkọ rẹ̀.

Obì ni ìyá ọkọ mi ń ṣe. Ìyá Múfù ni gbogbo àdúgbò ń pè é, èmi ń pè é ní Ìyá. A ó la èèpo obì, a ó da ọmọ inú rẹ̀ sínú omi títí awọ funfun ara rẹ̀ yóò fi rọ̀, a ó bó o lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó ṣa èyí tí kòkòrò ti wọ̀ sọ́tọ̀, a ó fi ewé tútù tẹ́ inú agbọ̀n, a ó wá dì í fún àwọn Hausa tó ń fi rélùwéè kó o lọ sí òkè Ọya. Èékánná mi pupa fún ọdún mẹ́ta. Nígbà kan, agbọ̀n kan já mọ́ mi lórí ní téṣàn, obì sì yí lọ sábẹ́ rélùwéè tó ti ń fọn fèrè. Ìtìjú kò jẹ́ kí n pariwo kí wọ́n dúró. Mo kàn dúró, mo ń wò ó bí irin ṣe ń lọ̀ ọ́. Ìyá kò lù mí. Ó wọ yàrá lọ, ó gbé fọ́tò Múfù, ó yí ojú rẹ̀ sí ògiri. Ó ní, "Ọkọ ẹ kò fẹ́ rí ọ lónìí." Ọjọ́ mẹ́ta ni fọ́tò náà fi kọ ẹ̀yìn sí mi. Láti ìgbà náà, ìyà tó máa ń fi jẹ mí nìyẹn. Ẹ lè rò pé kì í ṣe ìyà. Ẹ lọ jókòó ti ẹ̀yìn férémù fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ wá sọ fún mi.

Káàdì ni Múfù fi ń bá ilé sọ̀rọ̀. Káàdì alàwòrán, tí kò ní àpò, tí akọ̀wé ilé lẹ́tà á ti kà tán kí ó tó dé ọwọ́ wa. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Sàlámì, ọmọ Ìbógun nítòsí Ifọ̀, ni wọ́n jọ wà nílé ìwé. Bí wọ́n bá ti jáde ní kíláàsì ní ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n á wọ rélùwéè dé etí òkun, wọ́n á bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi, bí ilẹ̀ bá sì fi mọ́ ní Sátidé, wọ́n ti dé ìlú àwọn ẹlòmíràn. Wọ́n á jẹ búrẹ́dì gbígbẹ, wọ́n á fi ẹsẹ̀ rìn káàkiri, Sọ́ńdè wọ́n á padà. Múfù kọ̀wé pé ní Amsitadámù ìyá arúgbó gan-an ń gun kẹ̀kẹ́. Ó ní ní Brọ́sẹ́ẹ̀lì àwọn ọmọdé ń tẹ̀lé wọn, wọ́n ń fi ìka pa apá Sàlámì wò bóyá dúdú rẹ̀ á ṣí. Ó ní búrẹ́dì àwọn ará Párísì gùn tó ọ̀pá Fúlàní, abẹ́ apá ni wọ́n sì ń há a sí, kò sí ẹni tó ń wé e.

Ìyá kò mọ̀wé. Èmi ni mo ń kà á fún un. Gbogbo ẹni tó bá wá kí i ló gbọ́dọ̀ gbọ́. Ọjọ́ Iléyá kan, àárín ẹran pínpín ni ó ti gbé mi dìde, mo ka káàdì márùn-ún fún gbogbo agbo ilé, ọ̀rá ẹran wà lọ́wọ́ mi. Àwọn ọkùnrin ń mi orí bí ẹni pé àwọn náà ti dé ibẹ̀. Bí mo bá kà á tán, Ìyá á gba káàdì, á ní, "Ọkọ ẹ ń rí ayé. Ìwọ, máa bó obì."

Ìparí káàdì kọ̀ọ̀kan ló máa ń pa mí lára jù. Yóò kí ìyá rẹ̀, yóò kí àwọn arákùnrin bàbá rẹ̀ ní orúkọ, yóò kí Àlùfáà. Lẹ́yìn náà, "Ẹ kí ọmọ náà." Èmi ni ọmọ náà. Kò mọ orúkọ mi, kò sì béèrè. Ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ, ó dà bí ẹni pé ó wo ilé wa, kò rí orúkọ kankan fún mi. Ọdún méjì pé, kò ránṣẹ́ pè mí. Ọdún kẹta wọlé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, àárín ẹ̀ẹ̀rùn, mo ń bó obì lẹ́yìn ilé, Ìyá àti aládùúgbò wa kan ń sọ̀rọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá kò rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ nítorí mi. Ó ní òun ti rí ọmọbìnrin kan ní Abẹ́òkúta tó jáde ìwé mẹ́fà, tó ń sọ òyìnbó fàlàlà, irú ẹni tó yẹ kí a fi ránṣẹ́ sí Múfù. Aládùúgbò béèrè pé ti ìyàwó tó wà nílẹ̀ ńkọ́. Ìyá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Èyí? Agbọ̀n òfìfo ni. A ó dá a padà sí Mowé." Ọwọ́ mi kò dúró. Mo ń bó obì lọ.

Kí oòrùn ọjọ́ náà tó dé àárín ọ̀run ni káàdì dé. Kì í ṣe ọwọ́ Múfù ló kọ ọ́. Sàlámì ni. Ìyá pè mí, ó ní kí n nu ọwọ́ mi kí n kà á. Ohun tó wà níbẹ̀ kò pọ̀: "Mufu ku si Paris. Emi nikan ni mo pada. E ma binu, Iya."

Ẹ̀yin ọmọ, tíṣà mi ní Ìbàfò kọ́ wa pé àmì ni ẹ̀mí ọ̀rọ̀. Fi àmì òkè sí orí ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, "ku", Múfù ti di òkú. Fi àmì ìsàlẹ̀ sí i, ó kàn dúró sẹ́yìn ní Párísì ni, kò bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ padà. Sàlámì kò fi àmì kankan sí i. Àwọn tó wà lókè òkun kì í fi í sí i, wọ́n ń kánjú, àyè káàdì kò sì tó.

Mo rí ọ̀nà méjèèjì. N kò ní parọ́ fún yín ní ọjọ́ orí mi yìí. Mo rí wọn kedere bí mo ṣe ń rí ọwọ́ mi. Ìyá ní, "Kí ló wí?" Mo ka èyí tó burú.

Ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà bákan náà. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Ìyá jókòó sórí obì tí mo ti bó, kò ké, ó kàn ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa ilẹ̀ bí ẹni tó ń wá nǹkan. Aládùúgbò ló ké. Kí n tó gbé ojú sókè, ilé ti kún.

Ní ọjọ́ kẹjọ, àwọn Àlùfáà ṣe fìdáù fún ọmọ tí kò kú. Èmi wọ opó, nítorí yìgì ti so wá. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, aṣọ kan, orí láì dì, ẹsẹ̀ láì jáde, ní iwájú fọ́tò. Àwọn obìnrin tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀ wá ń pè mí ní ẹlẹ́sẹ̀ òṣì, pé ẹsẹ̀ mi ló pa ọmọ wọn. Ìyá kò jẹun mọ́. Ọrùn rẹ̀ ń tín-ín-rín lójú mi. Gbogbo òwúrọ̀ ni mo ń pinnu pé lónìí ni n ó sọ ọ́, pé n ó ní, Ìyá, ọ̀rọ̀ náà ní ọ̀nà mìíràn. Tí mo bá rí i, ẹnu mi kò ní í ṣí. Wọ́n á ní ìtìjú jẹ́ ìwà rere lára ọmọbìnrin. Ìtìjú lè ṣe ìkà, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Ní ọ̀sẹ̀ keje, lẹ́tà dé nínú àpò. Ìyá ti ilẹ̀kùn, ó ní kí n kà á. Mo mọ ọwọ́ tó kọ ọ́ kí n tó ka ọ̀rọ̀ kan. Múfù ní kí ìyá òun má bínú pé òun pẹ́ kí òun tó kọ̀wé. Ó ní òun ti fi ilé ìwé sílẹ̀. Òun rí iṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Párísì, òun sì ti fẹ́ obìnrin ibẹ̀, ó ti lóyún. Òun kò ní padà sí Lọ́ńdọ̀nù, òun kò sì ní padà sí Ifọ̀, nítorí òun kò lè gbé ojú wo ìlú. Ó ní, "Ní ti ọmọ náà, mo ti tú yìgì rẹ̀. Kí àwọn ènìyàn rẹ̀ wá mú un."

Mo ń retí kí Ìyá fò sókè. Ọmọ rẹ̀ wà láàyè. Ó jókòó, ó wo lẹ́tà náà bí ẹni pé yóò sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó lọ mú káàdì Sàlámì wá láti abẹ́ ẹní rẹ̀, ó nà án sí mi.

Ó ní, "Ọ̀rọ̀ wo ló pa á níbí?"

Mo fi ìka sí i. Ó fi ìka tirẹ̀ sí ibẹ̀ náà.

"O mọ̀?"

"Mo mọ̀, Ìyá."

Mo ti múra fún ìgbátí. Kò gbá mi. Ó ká lẹ́tà náà pọ̀, ó ní, "Ọmọ mi kú, ó sàn ju ọmọ mi nù lọ. Ìwọ lo pa á. Má jí i fún mi."

Mo kúnlẹ̀. Mo ní yìgì mi ti tú, kí ó jẹ́ kí n máa lọ sí Mowé. Òfin ẹ̀sìn wà lẹ́yìn mi: ẹni tí ọkọ kò fọwọ́ kàn rí, tí ó sì kọ̀ ọ́ sílẹ̀, kò ní ọjọ́ kankan tí yóò kà kí ó tó máa lọ. Ọjọ́ náà gan-an ni mo di òmìnira. Ìyá ní bí mo bá jáde kí opó tó parí, wọ́n á bi mí ní ìdí, òun náà á sì sọ fún wọn pé mo mọ̀. Ó ní kí n jókòó, kí n parí opó ọkọ mi. Mo jókòó. Mo ṣe opó ẹni tó wà láàyè, tó ti kọ̀ mí sílẹ̀, nítorí ìyá rẹ̀ kò fẹ́ kí Ifọ̀ gbọ́ pé ọmọ òun ta ilé nù.

Ní ọjọ́ kejì ó ní kí n mú bíríò. Ó ní kí n kọ ọ́ sí Múfù pé nígbà tí ìyá rẹ̀ gbọ́ ìròyìn rẹ̀, ó kú. Mo wò ó lójú fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti wọ ilé rẹ̀. Ó ní, "Kọ ọ́. Kí ó má bàa ní ilé tí yóò padà sí." Mo kọ ọ́, mo sì fi àmì òkè lé orí ọ̀rọ̀ náà, mo tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Àmì kan ṣoṣo tó wà nínú lẹ́tà náà nìyẹn. Mo fi orúkọ mi sí ìsàlẹ̀.

Ó tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí èsì tó dé. Èmi ló kọ ọ́ sí. Orúkọ mi ló wà níwájú, kì í ṣe ọmọ náà. Ìyá ń bó obì nínú yàrá, ó ní kí n kà á.

Múfù ní òun ti ń sunkún láti òwúrọ̀ ọjọ́ tí lẹ́tà mi dé, ọ̀gá òun sì ní kí òun máa lọ ilé. Ó ní òun rántí bí ìyá òun ṣe máa ń pọn òun sẹ́yìn, tí yóò tún gbé agbọ̀n obì lórí lọ sí téṣàn, tí yóò máa kọrin kí òun má bàa bẹ̀rù rélùwéè. Ó béèrè ta ló wẹ̀ ẹ́, apá ibo nínú ọgbà ni wọ́n sin ín sí. Ó béèrè bóyá ó dárúkọ òun kí ó tó kú. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, Ìyá ní, "Dúró." Mo dúró. Ó bó obì kan tán, ó wò ó bóyá kòkòrò wà nínú rẹ̀, ó gbé e sínú agbọ̀n. Ó ní, "Máa kà á lọ."

Mo kà á tán. Ó mi orí bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé ẹlòmíràn, ó ní, "Ìyá yẹn bímọ re."

Ẹ̀rù bà mí. Ọkàn mi yọ́ sí i, èmi tí mo kórìíra rẹ̀. Mo ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ kí n tún kọ̀wé sí i."

Ó ní, "Ta ni yóò ní òun rán ọ? Òkú?"

Mo parí opó mi, mo padà sí Mowé, bàbá àgbà yín sì fẹ́ mi láìka pé opó ni mí. Òun nìkan ni mo sọ fún. Nígbà tí Sàlámì dé láti òkè òkun, Ìyá pè é sínú yàrá, ó jáde, kò sì dárúkọ Múfù fún ẹnikẹ́ni mọ́. Téṣàn Ifọ̀ ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n rélùwéè tó ń kó obì ti di ìtàn. Ìbógun tí Sàlámì ti wá ti kún fún akẹ́kọ̀ọ́, àwọn náà ń gbé fóònù sókè, wọ́n ń ya ara wọn.

Ìyá pẹ́ láyé. Mo ti bí ọmọ mẹ́rin kí ó tó jáde láyé lóòótọ́. Àwọn ará ilé rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi ní Mowé, nítorí wọ́n rántí pé èmi ni mo máa ń bá a kàwé. Wọ́n béèrè bóyá ẹnì kan wà lókè òkun tó yẹ kí a kọ̀wé sí pé ìyá kú.

Mo ní kò sí. Mo ní gbogbo ẹni tó yẹ kó gbọ́ ti gbọ́ tipẹ́.